Erin Méjì àti Koríko: Ìdíje Àṣekágbá Básíkẹ́ẹ̀tì ti Ọdún 1994



Láti ọjọ́ 8 títí di ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1994, ẹgbẹ́ eléré ìdárayá méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà dojú kọ ara wọn nígbà méje kí a tó mọ èyí tí í ṣe ọ̀gá. Houston Rockets láti ìpínlẹ̀ Texas ni ọ̀kan, New York Knicks sì ni èkejì. Eré tí wọ́n ń ṣe ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kò sí ibi tí àwa olólùfẹ́ eré náà ti ń pàdé ní Nàìjíríà tí a kì í ti í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ bíbí Èkó kan ni ó dúró ní àárín gbùngbùn ìjàkadì náà.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín lónìí ni pé, lójú tèmi, ìdajì ìtàn náà ni a máa ń sọ. A máa ń sọ bí akọni kan ti borí akọni kejì, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rí. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá. Ní ọdún 1994, erin méjì jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n koríko ni ó pinnu ẹni tí yóò ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré yìí dáadáa. Ní ọdún 1891, ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, olùkọ́ kan tí a ń pè ní James Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè, ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sínú wọn. Lónìí, òrùka irin ni ó ti gba ipò apẹ̀rẹ̀, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Ènìyàn 5 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi sí ojú pápá. Bọ́ọ̀lù tí ó bá wọlé láti ìtòsí ń mú àmì 2 wá. Èyí tí a bá jù láti ẹ̀yìn ìlà tí ó jìnnà ń mú àmì 3 wá. Èyí tí a bá fún ẹni tí a ṣẹ̀ láti jù lọ́fẹ̀ẹ́ ń mú àmì 1 wá. Nínú líìgì àwọn tí ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 12 lọ́nà 4 ni a fi ń gbá ìpàdé kan.

Nígbà tí ó bá wá ku ẹgbẹ́ méjì péré, a kì í fi ìpàdé ẹyọ kan dájọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí nígbà 4 nínú ìpàdé 7 ni ó ni ife ẹ̀yẹ. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ìlànà yìí. Orí lè gbe ènìyàn ní ọjọ́ kan, kí ó sì borí ẹni tí ó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wo ènìyàn, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò hàn sí gbangba, ìbáà ṣe agbára, ìbáà ṣe àìlera.

Èkínní nínú erin méjì náà ni Hakeem Ọlájùwọ́n ti ẹgbẹ́ Houston. Èkó ni a ti bí i, ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College ní Èkó ni ó lọ. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀, aṣọ́lé sì ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti balágà, ó sì ti ga fíofío, kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1980, ni ó gúnlẹ̀ sí Houston láti kàwé ní yunifásítì ibẹ̀. Gbogbo ayé ni ẹnu yà nígbà tí wọ́n rí i pé ọkùnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 lè máa yí ẹsẹ̀ bí oníjó, tí yóò ṣe bí ẹni ń lọ sí ọ̀tún, tí yóò sì ti gba òsì kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tí òun gbá nílé ni ó kọ́ ẹsẹ̀ òun ní ọgbọ́n náà.

Erin kejì ni Patrick Ewing ti New York. Òun náà kì í ṣe ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà. Ìlú Kingston, ní erékùṣù Jàmáíkà, ni a bí i sí ní ọdún 1962. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń ṣe nílé, kí ó tó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Massachusetts nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run: eré tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Èkó àti ọmọ Kingston ni ó wá jẹ́ òpó méjì tí àṣekágbá rẹ̀ dúró lé.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Georgetown tí í ṣe yunifásítì Ewing pàdé Houston tí í ṣe ti Ọlájùwọ́n nínú àṣekágbá àwọn yunifásítì, ní ìlú Seattle. Georgetown borí pẹ̀lú àmì 84 sí 75. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Rockets fi Ọlájùwọ́n ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí a yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí ń wọ líìgì. Michael Jordan tí òkìkí rẹ̀ wá kan gbogbo ayé, ẹni kẹta ni ó ṣe ní ọdún náà. Ní 1985, ẹgbẹ́ Knicks náà yan Ewing ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá lẹ́yìn ìpàdé ti Seattle kí erin méjèèjì tó tún pàdé níbi tí ife ńlá wà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ni Ọlájùwọ́n nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣubú. Ní 1994, ó ti di àgbà.

Àga ọba sì ṣófo ní ọdún náà. Jordan àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Chicago Bulls, ti gba ife náà ní 1991, 1992 àti 1993. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, Jordan kéde pé òun fi eré náà sílẹ̀. Ìrìn ìpàdé méje ni Knicks rìn kí wọ́n tó lé Chicago lọ, wọ́n sì tún rin ìrìn ìpàdé méje mìíràn kí wọ́n tó borí Indiana. Ní ti Houston, wọ́n pàdánù ìpàdé méjì àkọ́kọ́ sọ́wọ́ Phoenix, nínú ilé ara wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àmì rẹpẹtẹ ṣíwájú nínú méjèèjì. Ìwé ìròyìn ìlú wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé e mì, wọ́n padà borí Phoenix nígbà mẹ́rin, wọ́n sì borí Utah.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ni mo dé yìí. Iṣẹ́ erin nínú básíkẹ́ẹ̀tì ni pé kí ó dúró nítòsí apẹ̀rẹ̀, kí a gbé bọ́ọ̀lù fún un níbẹ̀. Bí ó bá lágbára tó bí ó ti yẹ, ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá a dúró. Nítorí náà, àwọn alátakò yóò rán ẹni méjì sí i, nígbà mìíràn mẹ́ta. Bí ẹni mẹ́ta bá sì yí ẹnì kan ká, ó dájú pé ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbì kan tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ìbéèrè tí eré náà máa ń bi alágbára lójoojúmọ́ nìyí: ṣé ìwọ yóò fúnra rẹ ju bọ́ọ̀lù yìí láàárín ọ̀tá mẹ́ta, tàbí ìwọ yóò fi í lé ẹni tí kò lókìkí tó ọ lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó gba Ọlájùwọ́n kí ó tó dáhùn ìbéèrè náà bí ó ti yẹ. Ní sáà 1991 sí 1992, ìjà wà láàárín òun àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ débi pé ó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó ń gbé fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì ń di àmì kò ju 2.2 lọ ní ìpíndọ́gba nínú ìpàdé kan. Rudy Tomjanovich ni ó wá di olùkọ́ni ẹgbẹ́ náà ní 1992. Nígbà tí ó fi máa di sáà 1993 sí 1994, òǹkà yẹn ti di 3.6. Ẹ lè sọ pé kín ni ó wà nínú ìyẹn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó lè dá iṣẹ́ ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé ọwọ́ ẹlòmíràn náà mọ́. Nígbà tí wọ́n fi oyè eléré tí ó dára jù lọ ní líìgì dá a lọ́lá ní ọdún náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pè jáde kí wọ́n wá bá òun gbé e.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, Houston borí nínú ìpàdé kìíní, àmì 85 sí 78. Ní ọjọ́ 10, New York gba ìpàdé kejì mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ilé wọn, 91 sí 83. Ọkùnrin líle ni àwọn ará New York. Pat Riley olùkọ́ni wọn ti kọ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí àyè ju bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀rùn. Charles Oakley àti Anthony Mason wà níbẹ̀, igi àràbà ni àwọn méjèèjì. Ẹ ó rí bí ìdíje náà ti le tó nínú èyí: nínú gbogbo ìpàdé méjèèje, kò sí ẹgbẹ́ tí ó rí àmì 100 gbà nínú ìpàdé kankan.

Ọjọ́ 12 ni ìpàdé kẹta, ní New York. Knicks ni ó ń ṣáájú pẹ̀lú àmì 88 sí 86, kò sì ku ìṣẹ́jú kan mọ́. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ọlájùwọ́n nítòsí apẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá ya bò ó. Gbogbo ilé ń retí pé erin yóò ju bọ́ọ̀lù náà. Ó ju ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sam Cassell ni ó jù ú sí, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tí ì lo ju sáà kan ṣoṣo lọ nínú líìgì. Cassell dúró lẹ́yìn ìlà tí ó jìnnà, ó jù ú, ó wọlé: àmì 3. Houston di 89. Ọmọdékùnrin náà tún fi ìjù ọ̀fẹ́ gba àmì 4 sí i, Houston sì borí, 93 sí 89. Àmì 7 tí wọ́n gbà kẹ́yìn, ọwọ́ ẹni tí ó kéré jù ní ìrírí ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Èmi gbà pé níbẹ̀ ni a ti mọ ẹni tí yóò gba ife, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò tí ì rí i.

Mo ní ojú kò tí ì rí i, nítorí pé New York kò rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n gba ìpàdé kẹrin, 91 sí 82. Wọ́n gba ìkarùn-ún, 91 sí 84. Nínú ìkarùn-ún yìí, ìgbà 8 ni Ewing na ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Houston dànù kí ó tó dé apẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìdíje náà, ìgbà 30 ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àṣekágbá kan títí di ìgbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú di Ewing nítorí pé ó pàdánù. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, ìṣẹ́gun ẹyọ kan ni ó kù kí ife náà di ti New York.

Ọjọ́ 19 ni ìpàdé kẹfà, ní Houston. Ọlájùwọ́n gba àmì 30. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé New York sí èjìká ní ọjọ́ náà kì í ṣe Ewing. John Starks ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Starks í ṣe. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, kò sí ẹgbẹ́ tí ó yàn án. Ó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oúnjẹ, tí ó ń bá àwọn oníbàárà kó ẹrù wọn sínú àpò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀nà tirẹ̀ jìn, ẹ̀gún sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 yìí, ó gba àmì 27, 16 nínú wọn sì jẹ́ ní ìdá kẹrin tí í ṣe ìkẹyìn. Houston fi àmì 86 sí 84 ṣáájú. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Starks lẹ́yìn ìlà tí ó jìnnà. Bí ó bá wọlé, àmì 3 nìyẹn, ìdíje ti parí, New York ti gba ife. Ó fò sókè, ó ju bọ́ọ̀lù. Ọlájùwọ́n, tí ó ti fi ìtòsí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ wá dènà rẹ̀, na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà. Kò dé apẹ̀rẹ̀. Fèrè dún. Ìdíje di 3 sí 3.

Kí n tó dé ìpàdé keje, ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sílé díẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀sẹ̀ lásán fún Nàìjíríà. Ìdíje Ife Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà kan náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa dé ibẹ̀ sì ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas tí Houston wà, Nàìjíríà na Bulgaria ní ayò 3 sí òdo. Rashidi Yẹkíní ni ó gba ayò àkọ́kọ́ wọlé, tí ó di àwọ̀n mú pẹ̀lú omijé ayọ̀. Daniel Amokachi àti Emmanuel Amunike ni ó gba méjì tí ó kù. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìpàdé keje bẹ̀rẹ̀ ní Houston. Nígbà tí ó fi parí níbẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ 23 ti ń mọ́ bọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 23 yẹn náà ni ìjọba ológun mú Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, lórí ọ̀rọ̀ ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 tí wọ́n ti fagi lé. Bí ayọ̀ ti ń ti òkèèrè bọ̀ wá bá wa, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ wà nínú ilé. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ náà kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀yọ̀ kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ìpàdé keje nìyí. Houston borí, 90 sí 84. Ọlájùwọ́n gba àmì 25, ó gbá bọ́ọ̀lù tí ó ta padà mú nígbà 10, ó sì gbé bọ́ọ̀lù tí ó di àmì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà 7. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: 7, nígbà tí ó jẹ́ pé 3.6 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó le jù lọ, kò dẹ́kun láti fi bọ́ọ̀lù lé ọwọ́ ẹlòmíràn. Vernon Maxwell gba àmì 21. Bí a bá yọ 25 ti Ọlájùwọ́n kúrò nínú 90, àmì 65 ni ó kù, koríko ni ó sì ni gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, nínú ìpàdé méjèèje, kò sí ẹyọ kan tí Ewing ti gba àmì tó ti Ọlájùwọ́n, 26.9 ni ìpíndọ́gba ọmọ Èkó, 18.9 ni ti ọmọ Kingston. Òun ni wọ́n fi oyè ẹni tí ó ṣe bẹbẹ jù lọ nínú àṣekágbá dá lọ́lá. Títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tí ó gba oyè eléré tí ó dára jù lọ, oyè agbèjà tí ó dára jù lọ, àti oyè àṣekágbá nínú sáà kan ṣoṣo. Orúkọ a máa ro ènìyàn: ọlá rẹ̀ jù wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, òun ni ó sì kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Starks, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà ṣòro láti sọ. Ìgbà 18 ni ó ju bọ́ọ̀lù, 2 péré ni ó wọlé. Láti ẹ̀yìn ìlà tí ó jìnnà, ìgbà 11 ni ó jù ú. Ẹyọ kan kò wọlé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ pé Starks ni ó sọ ife New York nù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ta ni ó gbé wọn dé bèbè ìṣẹ́gun ní ọjọ́ 19? Òun kan náà ni. Bí kì í bá ṣe orí ìka Ọlájùwọ́n, orúkọ rẹ̀ ni wọn ì bá máa kọ ní orin ní ìgboro New York títí di òní. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìyìn àti èébú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ẹrù wó mọ́ lórí ni a ń bú; a kì í bi ẹni tí ó dì í rù ú. Ìgbà tí Starks ń jù tí kò wọlé, olùkọ́ni rẹ̀ kò fà á kúrò kí ẹlòmíràn gbà á fún un díẹ̀. Houston pín ẹrù náà kiri láàárín ara wọn. New York dì í lé orí ẹnì kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rò pé ó yẹ kí a mú nìyí, mo sì ń sọ ọ́ fún wa ní Nàìjíríà. A mọ ìyìn í yìn, a sì mọ èébú í bú. Ọmọ tí ó bá gba ayò wọlé, a ó gbé e gun orí. Bí ó bá ṣi ìjù kan lọ́jọ́ kejì, a ó bú u, a ó bú ìyá tí ó bí i. A ń fi alẹ́ kan dájọ́ ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó ṣe òfin ìpàdé méje gbọ́n jù wá lọ níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe ohun tí ó ṣe lánàá nìkan.

Èkejì, a fẹ́ràn erin, a kì í bomi rin koríko. Nígbà tí Ọlájùwọ́n gba ife, gbogbo wa ni a ní ọmọ wa ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn kan ní ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó ni wọ́n rí ọmọ gíga kan, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní sùúrù fún un nígbà tí kò tí ì mọ̀ ọ́n gbá. Pápá kan wà. Olùkọ́ kan wà. Bọ́ọ̀lù kan wà. Láìsí mẹ́ta yìí, oníṣòwò sìmẹ́ńtì tí ó ga ni ì bá jẹ́, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayé kì bá tí mọ ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1994 kan náà, a bí ọmọkùnrin kan fún tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà ní Athens, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé rẹ̀ kí àwọn ará Gíríìsì tó kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn. Giannis ni. Ní 2021, ó gba àmì 50 nínú ìpàdé tí ó gba ife fún ẹgbẹ́ Milwaukee. Ọmọ wa ni òun náà, ṣùgbọ́n pápá ẹlòmíràn ni ó ti kọ́ ọ.

Kì í ṣe pé a kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó dé ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kù. Ẹ wo ẹgbẹ́ náà dáadáa bí wọ́n bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ ó rí i pé wọn kò ní erin kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń sìn. Ọwọ́ ń gbà fún ọwọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún ń sọ ìtàn ọdún 1994 fún àwọn ọmọ yín, ẹ sọ ti Hakeem Ọlájùwọ́n fún wọn, ó tọ́, ó sì yẹ. Ẹ sọ ti orí ìka tí ó kan bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 19. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pẹ̀lú pé ní ọjọ́ 12, nígbà tí gbogbo ilé ń retí kí alágbára dá a ṣe, ó wo ẹ̀yìn, ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ẹ sì sọ fún wọn pé ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 18 tí 2 wọlé kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn, nítorí pé ó ní ìgboyà láti tún jù ú.